Wọ́n Pe Amodu, Wọ́n Lé Amodu

Ìdajì orí mi ni onígbàjámọ̀ ti gé nígbà tí Senegal gbá góòlù kejì sáwọ̀n wa. Oṣù kejì ọdún 2002 ni, nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Mushin, nítòsí Ìdí-Òro. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí. Ọkùnrin náà fi ẹ̀rọ ìgérun sílẹ̀, ó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn oníbàárà rẹ̀, ó sì gbàgbé pé mo wà lórí àga. Àsìkò àfikún ni, wọ́n ti gbá bọ́ọ̀lù kọjá àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú. Nígbà tí fèrè dún, 2-1 ni, Nàìjíríà kò ní í dé àṣekágbá ife ilẹ̀ Áfíríkà ní Mali.

"Ẹ lé e!" Onígbàjámọ̀ ló kọ́kọ́ pariwo. "Kí wọ́n lé Amodu lónìí yìí, kó má tiẹ̀ bá wọn wọ bàálù padà!"

Bàbá mi, tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, béèrè wẹ́rẹ́ pé, "Ẹ lé e, ẹ wá gba ta?"

"Ẹnikẹ́ni!"

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ẹnikẹ́ni! Èmi náà, pẹ̀lú ìdajì irun lórí, mo pariwo ẹnikẹ́ni bí ẹni pé mo mọ nǹkan kan. Bàbá mi kàn mi orí. Láìpẹ́ sígbà náà, wọ́n lé e lóòótọ́. Ó sì jọ pé ẹnikẹ́ni yẹn náà ni àjọ bọ́ọ̀lù wa ti ń gbà síṣẹ́ láti ìgbà yẹn, pẹ̀lú orúkọ oríṣiríṣi.

Ẹ̀yin tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wo bọ́ọ̀lù lẹ́yìn Rohr lè má mọ Shuaibu Amodu dáadáa. Ọmọ Okpella ní ìpínlẹ̀ Edo ni. Abẹ́lé ló ti kọ́ orúkọ rẹ̀. BCC Lions ti ìlú Gboko ló kó lọ gba ife àwọn tó gba ife lórílẹ̀-èdè wọn, ti gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà, ní 1990. Ó ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá El-Kanemi Warriors ní Maiduguri, ó sì dé ọ̀dọ̀ Orlando Pirates ní South Africa. Kì í ṣe ẹni tó máa ń sọ̀rọ̀ púpọ̀ níwájú kámẹ́rà. Àwọn oníròyìn kò fi bẹ́ẹ̀ gbádùn rẹ̀, torí kì í fún wọn ní gbólóhùn tí wọ́n lè fi ṣe àkọlé.

Kí ẹ tó lóye ìdí tí wọ́n fi pè é ní 2001, ẹ jẹ́ ká padà sí Surulere ní ọdún kan ṣáájú. Ọjọ́ 13 oṣù kejì 2000, àṣekágbá ife ilẹ̀ Áfíríkà, Nàìjíríà àti Cameroon, ní National Stadium. Pápá yẹn gan-an la ti gba ife náà nígbà àkọ́kọ́ ní 1980, tí Odegbami gbá méjì wọlé, tí Múdà Lawal gbá ẹyọ kan, tí Algeria padà sílé pẹ̀lú 3-0. Otto Glória, ará Brazil, ni akọ́nimọ̀ọ́gbá nígbà yẹn. Nítorí náà, ní 2000, kò sẹ́ni tó rò pé nǹkan mìíràn lè ṣẹlẹ̀. Bàbá mi fi ẹsẹ̀ rìn láti Mushin gba Ojúẹlẹ́gba dé Barracks, torí mọ́tò ò rọ́nà lọ.

Eto'o àti Mboma kọ́kọ́ fi Cameroon síwájú pẹ̀lú 2-0. Raphael Chukwu dá ọ̀kan padà, Okocha dá èkejì padà. Ọ̀rọ̀ di pẹnáritì. Bọ́ọ̀lù Victor Ikpeba gbá igi òkè, ó bọ́ sílẹ̀, ó jáde. Tẹlifíṣàn fi hàn pé ó ti kọjá ìlà kó tó jáde, àmọ́ rẹfirí kò rí i, kò sì sí VAR nígbà yẹn. Cameroon borí, 4-3. Bàbá mi dé ilé lẹ́yìn agogo méjìlá òru. Kò jẹun. Ohun kan ṣoṣo tó sọ ni pé bọ́ọ̀lù yẹn wọlé. Ó ṣì ń sọ ọ́ di bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Jo Bonfrere, ará Netherlands, ló kó ikọ̀ yẹn. Òun náà ló gba góòlù Olympics fún wa ní Atlanta ní 1996, nítorí náà ó ní ẹ̀tọ́ sí sùúrù díẹ̀, wọ́n sì fún un. Ṣùgbọ́n ikọ̀ ti rẹ̀. Nígbà tó di oṣù kẹrin 2001, Sierra Leone nà wá 1-0 ní Freetown nínú ìdíje láti lọ sí Ife Àgbáyé. Liberia, ẹgbẹ́ George Weah, ló wà níwájú. Ìdíje mẹ́ta ló kù. Ẹ ṣírò rẹ̀ bí ẹ ṣe fẹ́, a gbọ́dọ̀ borí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n lé Bonfrere. Wọ́n pe Amodu, pẹ̀lú Stephen Keshi àti Joe Erico gẹ́gẹ́ bí igbákejì rẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé: 2-0 sí Liberia. 4-0 sí Sudan, ní ilé Sudan. 3-0 sí Ghana. Góòlù mẹ́sàn-án, wọn kò gbá ẹyọ kan sáwọ̀n wa. Póíǹtì mẹ́rìndínlógún fún Nàìjíríà, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún Liberia. Póíǹtì kan ṣoṣo, ẹ jọ̀ọ́. Bí a bá ta ọ̀mì kan péré nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Weah ì bá ti lọ sí Japan, àwa ì bá máa wò ó lórí tẹlifíṣàn.

Mo fẹ́ sọ èyí kó yé wa: lílé tí wọ́n lé Bonfrere dára. Mi ò sí lára àwọn tó gbà pé a kò gbọ́dọ̀ lé kóòṣì láé. Ilé ń jó, wọ́n pe panápaná, panápaná dé, ó pa iná. Ohun tí wọ́n ṣe fún panápaná lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ mi.

Mali 2002. Ẹ jẹ́ ká sòótọ́, kò dùn ún wò. Ìdíje mẹ́fà, góòlù márùn-ún. A na Algeria 1-0, a ta ọ̀mì òdo sí òdo pẹ̀lú Mali, a na Liberia 1-0, a na Ghana 1-0. Onígbàjámọ̀ ń fi ẹ̀rọ rẹ̀ na tábìlì lójoojúmọ́ torí pé Okocha, Kanu àti Aghahowa wà nínú ikọ̀ kan, góòlù kan ṣoṣo la sì ń rí. Ṣùgbọ́n góòlù mélòó ni wọ́n gbá sáwọ̀n wa nínú ìdíje mẹ́fà yẹn? Méjì. Senegal ló gbá méjèèjì, ìkejì sì wọlé ní àsìkò àfikún. A tún na Mali ní ìlú wọn láti gba ipò kẹta.

Àmì ẹ̀yẹ bàbà ni Amodu kó bọ̀. Ìwé ìdáṣẹ́dúró ló pàdé. Wọ́n lé òun, wọ́n lé Keshi, wọ́n lé Erico, wọ́n sì tú ikọ̀ ká. Sunday Oliseh, balógun ikọ̀, kò lọ sí Ife Àgbáyé. Finidi George kò lọ. Oṣù mẹ́ta àti díẹ̀ ló kù kí ìdíje bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí wọ́n pè ni Adégbóyè Onígbìndé, tó ti kó ikọ̀ wa dé àṣekágbá ife ilẹ̀ Áfíríkà ní 1984. Àwọn kan máa ń dá gbogbo ẹ̀bi Japan lé bàbá yìí lórí, kò sì tọ́. Ẹ wo ohun tó ṣe pẹ̀lú àkókò tí wọ́n fún un. Ó fi Vincent Enyeama, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ṣọ́lé nígbà tí a kojú England ní Osaka, England kò sì rí góòlù kankan gbá. Ó fi Fẹ́mi Òpàbùnmi, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún láti Ìbàdàn, sínú ìdíje kan náà. Ìpinnu onígboyà nìyẹn. Ṣùgbọ́n a ti fìdí rẹmi kí a tó dé Osaka. Argentina na wá 1-0, Sweden na wá 2-1. Póíǹtì kan ṣoṣo la kó wálé.

Ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún 2002, Senegal, àwọn tó na Amodu ní àsìkò àfikún, pàdé France, tó gba ife àgbáyé tó kọjá, nínú ìdíje tó ṣí Ife Àgbáyé. Senegal borí, 1-0. Wọ́n lọ títí wọ́n fi wọ ìpele àwọn mẹ́jọ tó kù. Bruno Metsu ṣì ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, ẹni kan náà tó wà ní Mali. Àwọn Senegal náà kò gba ife ní Mali o. Cameroon nà wọ́n pẹ̀lú pẹnáritì ní àṣekágbá. Kò sẹ́ni tó ní kí Metsu máa lọ.

Èmi kò so nǹkan méjèèjì pọ̀ nígbà náà. Ọmọdé ni mí. Ó di ìgbà tí ó tún ṣẹlẹ̀ kí ojú mi tó là.

Ní 2008, Ghana yọ wá ní ìpele àwọn mẹ́jọ tó kù nínú ife ilẹ̀ Áfíríkà, Berti Vogts, ará Jámánì, sì bá tirẹ̀ lọ. Ilé tún ń rú èéfín. Ta ni wọ́n pè? Amodu. Ó kọ́kọ́ borí nínú ìdíje mẹ́fà nínú mẹ́fà ní ìpele àkọ́kọ́, lòdì sí South Africa, Sierra Leone àti Equatorial Guinea. Ní ìpele kejì, ọ̀rọ̀ le. Tunisia ló wà níwájú wa títí di ọjọ́ ìkẹyìn, ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá 2009. A gbọ́dọ̀ na Kenya ní Nairobi, Tunisia sì gbọ́dọ̀ ṣubú ní Mozambique. Viewing centre tí mo ti wò ó lọ́jọ́ náà ní tẹlifíṣàn méjì, ọ̀kan fún Nairobi, ìkejì fún nǹkan mìíràn tí ẹnikẹ́ni ò wò. Kenya kọ́kọ́ gbá góòlù. Ọbáfẹ́mi Martins dá a padà, Yakubu fi wá síwájú, Kenya tún dá a padà. Martins wá gbá ìkẹta. Ní Maputo, Mozambique gbá góòlù kan sáwọ̀n Tunisia bí ìdíje ṣe ń lọ sópin. Póíǹtì méjìlá fún wa, mọ́kànlá fún wọn. Póíǹtì kan lẹ́ẹ̀kan sí i.

Lẹ́yìn náà, Angola 2010, ife ilẹ̀ Áfíríkà. Egypt nà wá 3-1, a na Benin 1-0, a na Mozambique 3-0, a fi pẹnáritì lé Zambia lọ. Ghana nà wá 1-0 ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá. A na Algeria 1-0, a gba ipò kẹta. Àmì ẹ̀yẹ bàbà. Wọ́n lé e.

Kí oṣù kejì tó parí, wọ́n ti gba Lars Lagerbäck, ará Sweden, ọ̀kan nínú àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá méjì tó kó Sweden wá nà wá ní 2002. Mi ò mọ bóyá ẹnikẹ́ni ní àjọ bọ́ọ̀lù rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n ń bọwọ́ lu ìwé náà. Ó lọ sí South Africa. Argentina na wá 1-0. Greece na wá 2-1, lẹ́yìn tí Sani Kaita gba káàdì pupa. A ta ọ̀mì 2-2 pẹ̀lú South Korea. Póíǹtì kan ṣoṣo.

Ghana, tó lé Amodu lọ ní Angola, dé ìpele àwọn mẹ́jọ tó kù ní Ife Àgbáyé yẹn. Ọwọ́ Suárez lórí ìlà góòlù ló dá wọn dúró. Milovan Rajevac ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn ní Angola, òun náà ni ní South Africa.

Ẹ jẹ́ ká tún un wò. Lẹ́ẹ̀mejì ni Amodu pàdánù ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá, góòlù kan ṣoṣo ló sì fi pàdánù nígbà méjèèjì. Ẹgbẹ́ tó nà án ní 2002 ló ṣe dáadáa jù nínú gbogbo ikọ̀ Áfíríkà ní Ife Àgbáyé 2002. Ẹgbẹ́ tó nà án ní 2010 ló ṣe dáadáa jù nínú gbogbo ikọ̀ Áfíríkà ní Ife Àgbáyé 2010. Orílẹ̀-èdè méjèèjì fi kóòṣì wọn sílẹ̀ síbi iṣẹ́. Àwa yí tiwa padà lẹ́ẹ̀mejèèjì, a sì kó póíǹtì kan wálé lẹ́ẹ̀mejèèjì.

Iṣẹ́ mi ni kíkọ sọ́fítíwià. Nígbà tí áàpù bá kú lọ́sàn-án gangan, ẹni kan máa ń wà nínú ọ́fíìsì tó máa ní kí a kàn pa sáfà kí a tún un tàn. Nígbà mìíràn ó máa ń ṣiṣẹ́. Ìyẹn gan-an ni wàhálà rẹ̀, torí lọ́jọ́ tí kò bá ṣiṣẹ́, kò sẹ́ni tó ti ka log, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó bàjẹ́.

Ṣé a ti ka log rí, ní bọ́ọ̀lù? Ẹ̀ẹ̀kan ni mo mọ̀. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹta 1990, ní Algiers, Algeria na Nàìjíríà 5-1 nínú ìdíje tó ṣí ife ilẹ̀ Áfíríkà. Márùn-ún! Clemens Westerhof, ará Netherlands, kò tíì pé ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn ọmọ abẹ́lé ló pọ̀ jù nínú ikọ̀ tó kó lọ. Ọdún tó ṣáájú, oṣù kẹjọ 1989, ni Samuel Okwaraji ṣubú lórí pápá ní Surulere nínú ìdíje pẹ̀lú Angola, tó sì kú, a kò sì dé Ife Àgbáyé 1990. Nítorí náà, ẹ lè fojú inú wo bí inú àwọn ará ìlú ṣe rí nígbà tí wọ́n gbọ́ 5-1. Bí onígbàjámọ̀ mi bá ti ń gé irun nígbà yẹn, ó dájú pé ó máa ti pariwo.

Ṣùgbọ́n Westerhof dúró. A na Egypt 1-0, a na Côte d'Ivoire 1-0, a na Zambia 2-0. Lọ́jọ́ kẹrìnlá lẹ́yìn 5-1, ikọ̀ kan náà tún dúró níwájú Algeria ní àṣekágbá. A pàdánù, 1-0 ni. Láti márùn-ún sí ẹyọ kan láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Kò gba ife, kò sẹ́ni tó lé e. Ní 1992 ó tún gba ipò kẹta, àmì ẹ̀yẹ bàbà kan náà tí Amodu gbà lẹ́ẹ̀mejì. Kò sẹ́ni tó lé e. Ní 1993, àwọn tó wà ní Surulere rí bí a ṣe na Algeria 4-1, tí a sì tún na Côte d'Ivoire 4-1. Oṣù kẹrin 1994, a gba ife ilẹ̀ Áfíríkà ní Tunis. Oṣù kẹfà, a na Bulgaria 3-0 ní Dallas. Ikọ̀ tí gbogbo ènìyàn ń pè ní ikọ̀ tó dára jù lọ nínú ìtàn wa, àárín ọdún márùn-ún ni wọ́n fi kọ́ ọ, ìpìlẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 5-1.

Ẹnìkan máa ní: 1998 ńkọ́? Òótọ́ ni, mi ò ní fò ó. Philippe Troussier, ará France, ló wà pẹ̀lú wa lọ́nà Ife Àgbáyé 1998, wọ́n sì yọ ọ́ kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Bora Milutinović ló kó wa lọ. A na Spain 3-2, a na Bulgaria, a ṣe ipò kìíní ní gúrúùpù. Pípa sáfà tún un tàn ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn náà Denmark na wá 4-1, ẹnikẹ́ni tó bá wo ìdíje yẹn mọ̀ pé kì í ṣe ikọ̀ tó mọ ohun tó ń ṣe. Àmọ́ mo gbà, ipò kìíní ni ipò kìíní. Mo sì rò pé 1998 ló kó wa sí wàhálà 2002 àti 2010. Ó kọ́ wa pé a lè ṣe é.

Ẹni tí ìtàn yìí dùn jù lára ni Keshi. St Finbarr's College ní Akoka ló lọ, ilé-ìwé tí Fada Denis Slattery, ará Ireland, dá sílẹ̀ ní 1956. Henry Nwosu, tó wà nínú ikọ̀ 1980, jáde níbẹ̀ náà. Keshi ni balógun Westerhof ní 1994, ó rí ohun tí sùúrù ṣe. Òun náà ni igbákejì Amodu ní 2002, wọ́n lé wọn pọ̀, ó rí ohun tí àìní sùúrù ṣe. Lẹ́yìn náà ó kó Togo lọ sí Ife Àgbáyé 2006, ìgbà àkọ́kọ́ tí Togo máa dé ibẹ̀, àti di báyìí kò tíì sí ìkejì. Ikọ̀ náà pàdánù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ife ilẹ̀ Áfíríkà ọdún yẹn. Wọ́n lé e, wọ́n gba Otto Pfister. Ní Jámánì, Togo pàdánù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ní 2013, Keshi kó Nàìjíríà lọ sí South Africa. Ọ̀mì 1-1 pẹ̀lú Burkina Faso, ọ̀mì 1-1 pẹ̀lú Zambia, kí a tó fi pẹnáritì méjì na Ethiopia. Ariwo tún bẹ̀rẹ̀. Côte d'Ivoire ló kàn, kò sì sẹ́ni tó rò pé a máa borí. A borí, 2-1. A na Mali 4-1. Sunday Mba gbá góòlù kan sáwọ̀n Burkina Faso, ife dé. Lọ́jọ́ kejì, kí àwọn èèyàn tó jí lójú oorun ayọ̀, Keshi kéde lórí rédíò pé òun ń fi iṣẹ́ sílẹ̀. Inú ló ń bí i pé wọ́n ti ń gbèrò láti yọ òun kí ìdíje Côte d'Ivoire tó wáyé. Ó padà yí ọkàn padà. Ó sì wà níbẹ̀ ní Brazil ní 2014, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó kó ikọ̀ wa wọ Ife Àgbáyé tó sì tún jẹ́ òun ló kó o lọ. Póíǹtì mẹ́rin, ìpele àwọn mẹ́rìndínlógún.

Ó yẹ kí n dá ọ̀rọ̀ dúró síbẹ̀ kí n máa bú àjọ bọ́ọ̀lù lọ. Ó rọrùn. Àmọ́ ní oṣù kejì 2010 yẹn gan-an, ọ̀sẹ̀ tí wọ́n lé Amodu lẹ́ẹ̀kejì, akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, mo sì jẹ́ akọ̀wé ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ikọ̀ bọ́ọ̀lù ẹ̀ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà nílé-ìwé wa. Àwa onímọ̀ kọ̀ǹpútà ò mọ bọ́ọ̀lù gbá, ẹ máa gbà bẹ́ẹ̀. A ní kóòṣì kan, akẹ́kọ̀ọ́ ọdún ìkẹyìn, ẹ̀gbọ́n tí gbogbo wa ń pè ní Kóòṣì títí tí àwọn kan fi gbàgbé orúkọ rẹ̀. Agogo márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ló máa ń kan ilẹ̀kùn wa. Bọ́ọ̀lù méjì tí a fi ń ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́, owó ara rẹ̀ ló fi rà wọ́n, pẹ̀lú ìlérí pé ìgbìmọ̀ máa san án padà.

A pàdánù ìdíje àkọ́kọ́ 3-0. A pàdánù èkejì 2-1. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo góòlù yẹn dáadáa, torí èmi tí mò ń kọ wọ́n sílẹ̀ kò wò wọ́n. Àwa márùn-ún jókòó nínú yàrá kan ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Wákàtí kan gbáko la fi bú àjọ bọ́ọ̀lù Nàìjíríà nítorí Amodu, èmi ni mo sọ̀rọ̀ jù. Lẹ́yìn náà a dìbò láti yọ Kóòṣì. Márùn-ún nínú márùn-ún. Nígbà tí alága béèrè ta la máa fi rọ́pò rẹ̀, mo gbọ́ ohùn ara mi: "Ẹnikẹ́ni, ṣáà ti jẹ́ kó yàtọ̀."

Ọmọ kan tó mọ Football Manager gbá lórí láptọ́ọ̀pù la gbé ipò náà fún. Ìdíje kẹta, 4-0. Ẹni tó ń gbá lẹ́yìn lápá òsì kò lè sáré láti ìṣẹ́jú kẹwàá, torí kókósẹ̀ rẹ̀ ti ń dùn ún látọ̀sẹ̀ tó kọjá. Kóòṣì tuntun kò mọ̀. Kóòṣì àtijọ́ mọ̀, ó ní ìwé àkọsílẹ̀ aláwọ̀ búlúù kan tó ń kọ gbogbo rẹ̀ sí: kókósẹ̀ ta ló ń dùn, ta ni kì í jẹun kó tó wá, ta ló ń bẹ̀rù láti fi orí gba bọ́ọ̀lù. Kò sẹ́nì kankan nínú wa tó béèrè ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi ni akọ̀wé.

Kò bínú lójú wa. Ó kàn dẹ́kun wíwá sí pápá, nígbà tó sì jáde nílé-ìwé, mo gbọ́ pé kò wo bọ́ọ̀lù mọ́.

Ọjọ́ 7 oṣù kẹfà 2016, Keshi kú ní Benin, ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn rẹ̀, Amodu náà kú ní Benin, nínú oorun. Mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Yaba nígbà tí ìròyìn kejì yẹn wọlé. Àwọn ọmọ tí a jọ wà nínú yàrá, tí wọ́n kéré sí mi lọ́jọ́ orí, béèrè ta ni Amodu. Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé, ó sì yà mí lẹ́nu pé n kò rí gbólóhùn kan ṣoṣo tí mo lè fi sọ ọ́. Ẹni tí wọ́n máa ń pè nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́, mo ní. Wọ́n ní oh, bíi DevOps.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo wá nọ́ńbà Kóòṣì kiri lọ́wọ́ àwọn tí a jọ jáde. Mo kọ ọ́ gùn, mo pa á rẹ́, mo tún un kọ. Níkẹyìn mo fi ráńṣẹ́ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ nígbà náà lọ́hùn-ún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí wa." Kò dáhùn títí ilẹ̀ fi mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó fèsì: "Ẹ ṣì jẹ mí lówó bọ́ọ̀lù méjì."

Mo bi í pé èló ni. Ó ní ẹgbẹ̀rún méjì ààbọ̀ ló ra ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ní kó fi nọ́ńbà àkáǹtì ráńṣẹ́, mo sì san ẹgbẹ̀rún márùn-ún lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ní owó ti dé, ó ṣeun, ṣùgbọ́n iye ti 2010 ni mo san.